Irin Tí Kì Í Kan Ilẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọjí ní kí n tètè fi ètè kan irin, kí òun lè parí iṣẹ́ òun, kí òun sì padà sí Etíkun kí oòrùn tó mú. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó ń bẹ ọmọdé kó lo oògùn, ó sì nawọ́ sókè sí rímù mẹ́rin tó so rọ̀ lábẹ́ àjà gáréèjì wa. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo wo bàtà rẹ̀ tí eruku kò tíì bà, inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

Akọ̀wé ìjọba ni, ìwé tó gbé wá kò gùn. Ó ní èmi Àṣàbí, tí mo ń wa ọkọ̀ aláboyún ìlú Ìdí-Ṣápá, ni mo fọwọ́ ara mi yan ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó fọ́ ní Odò Àgùtàn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kò lẹ́bi, òfin kò lẹ́bi, Ilé-Iṣẹ́ Ògiri Òkun tó fún wa ní ẹsẹ̀ náà kò lẹ́bi. Bí mo bá ti búra, ọ̀rọ̀ Ṣíjúadé, aláboyún tí mo gbé tó kú sọ́nà, parí nìyẹn, wọn yóò sì fún wa ní ẹsẹ̀ tuntun. Bí mo bá kọ̀, yóò wọ́ ọkọ̀ wa lọ sí Etíkun lójú gbogbo wa.

Mo bi í pé ṣé ó ti fi ọkọ̀ gun àpáta rí. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú gáréèjì, ìrọbí ń mú Móyọ̀sọ́rẹ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ìlú wa níwèé, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Láti ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ti fọwọ́ wò ó, ó ní ọmọ náà dábùú, ó ní ọ̀bẹ dókítà nìkan ló lè gbé e jáde, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ kí a tó débẹ̀, òun kò lè sọ ohun tí a máa bá. Dókítà tó súnmọ́ wa jù wà ní Kíṣí, ibùsọ̀ méjìdínlógún. Títì tó lọ síbẹ̀ ti kú tipẹ́. Àpáta ló kù, àti kòtò, àti yanrìn odò. Ìyá Móyọ̀sọ́rẹ jókòó tì í, ó ń fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá yíjú síbẹ̀, èmi ni ó ń wò.

Ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì ni ọ̀gá yìí kó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ pé kí n yan ọ̀kan. Álọ́ì tó fúyẹ́ ju irin lọ ni àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjìlélógún, ó ń dán gbinrin, rọ́bà tó yí i ká kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Mo ní ogún ló fọ́ lábẹ́ mi, ẹ wá gbé méjìlélógún wá. Ó ní àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni, ó ní àwọn èèyàn Etíkun ń jà sí i. Èkejì kò gba afẹ́fẹ́ rárá. Ọ̀rá ni wọ́n hun bí agbọ̀n, wọ́n ní kì í jò láéláé. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àwọn tó wá kó irin wa. Òkúta wẹ́wẹ́ a máa há sínú ihò rẹ̀, ẹrẹ̀ a dí i, oòrùn ọ̀sán á sì jẹ́ kí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn tó ní títì ọ̀dà ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì fún.

Kò sí ọmọ fọkanáísà tí kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wá. Bí rímù bá ṣe ń tóbi sí i ni rọ́bà tó yí i ká ń fẹ́lẹ́ sí i. Rọ́bà ló sì yẹ kó máa jẹ ìyà òkúta. Bí rọ́bà bá fẹ́lẹ́, òkúta á dé ara rímù. Bí rímù bá jẹ́ irin, á tẹ̀, èèyàn á fi nǹkan lù ú, á nà padà, ìrìn á tẹ̀síwájú. Bí ó bá jẹ́ álọ́ì, ó fọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè lù ú padà. Nítorí náà, lórí ilẹ̀ tiwa, rímù kékeré tó jẹ́ irin, pẹ̀lú rọ́bà tó ní ikùn, ni ọlọ́gbọ́n ń lò. Ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún. Irú èyí tó so rọ̀ sókè orí mi nígbà tí ọkùnrin yìí ń sọ pé kí n fi ètè kàn án.

Ọgbọ́n àgbọ́njù tiwa ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí òkun gbé apá kan Èkó lọ, tí ìjọba ní ògiri ni àwọn yóò fi dá a dúró, wọ́n ṣòfin pé gbogbo irin tó bá ju ọkọ́ àgbẹ̀ lọ, ti Ògiri ni. Wọ́n kó géètì, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n tú ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n fa irin orí òrùlé yọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, irin ìbúra, nítorí àwọn adájọ́ nílò ohun tí àwa ará òkè yóò máa fi búra. Ẹyọ kan ni, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Àdá ògbólógbòó ni àwọn ìlú mìíràn mú jáde. Àwa awakọ̀ Ìdí-Ṣápá jókòó, a rò ó. A bọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹsẹ̀ jíìpù àkọ́kọ́ tó wọ ìlú wa, a fi ṣéènì kan so wọ́n pọ̀, a ní ẹyọ kan ni. Akọ̀wé tó wá kó irin yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹyọ kan ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ náà, a rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. A ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa lò ó.

Ohun tí a fi tan ìjọba ló padà wá tan àwa fúnra wa. Ní ọdún kìíní, ẹnìkan búra èké sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ní ọdún kejì, olè ewúrẹ́ kan rí i tó so rọ̀, ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í. Ó di pé a ń ta epo sí i. Ó di pé a ń ṣí fìlà bí a bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún mọ́kànlá rèé, bí èèyàn bá pè é ní rímù ọkọ̀ lójú àgbà, wọn á ní kó lọ tọrọ àforíjì.

Bàbá Ògúnlékè, alága àwa awakọ̀, ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣéènì náà. Òun náà ni bàbá Ṣíjúadé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ padà wá bá a nílé, kò tíì dá mi lóhùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ kúnlẹ̀ kí i, lójoojúmọ́ ni ó ń yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọjí, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Búra, Àṣàbí," ló ní. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó pa ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá mi sọ lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún nìyẹn. Ó yẹ kó bà mí lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó gbé wá. Mo bínú sí i, mo bínú sí akọ̀wé Etíkun yìí, mo bínú sí ọkọ̀ náà tó dúró síta gbangba lórí bíríkì, láìlẹ́sẹ̀. Mo sì bínú sí ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Kò sí ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ náà mọ́. Lọ́yà ni àwa awakọ̀ ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó bi ni léèrè, kí ó sì kọ ìdáhùn ẹni sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé Ṣíjúadé, ó kọ ọ́ sójú dígí rẹ̀ pé: ìwọ̀n ogún, álọ́ì, ṣé ẹ yàn án? Bẹ́ẹ̀ ni wà lápá ọ̀tún, Rárá wà lápá òsì. Ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó bá tẹ Rárá, tàbí tó bá purọ́ fún un, ọkọ̀ rẹ̀ á tì pa fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nítorí náà ni mo ṣe tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi àtàǹpàkò mi sí i. Rímù ọwọ́ òsì fọ́ sí méjì lórí òkúta inú Odò Àgùtàn. Ṣíjúadé lo wákàtí mẹ́fà lórí yanrìn kí ó tó kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ mi ni Lọ́yà kọ.

Móyọ̀sọ́rẹ ké lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi, ó dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọjí wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán. Mo rìn lọ sábẹ́ irin, mo tiro lórí ìka ẹsẹ̀, mo fi ètè kan rímù tó wà nísàlẹ̀ jù. Epo tó ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú eruku. Ọ̀gá na ìwé sí mi kí n máa kà á. Mo ní kí ó mú ìwé rẹ̀ kúrò lójú mi. Bàbá Ògúnlékè ni mo kọjú sí.

"Mo fi ètè kan irin yìí pé Lọ́yà ló ní ogún, Lọ́yà ló ní álọ́ì, èmi kàn tẹ àtàǹpàkò ni. Ẹ̀bi tèmi kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀bi tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn, mo mọ̀ pé kò ní débẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Mo mọ ìwọ̀n wọn, Bàbá. Ihò bóòtù mẹ́fà ló wà lára wọn, mẹ́fà ló wà lára ọkọ̀ wa. Rọ́bà wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí mo ń tà fún àwọn ọlọ́mọlanke. Mo lanu kí n sọ ọ́. Ẹ̀yin ni mo rí tí ẹ ń ta epo sí wọn, tí ẹ ń gbàdúrà fún ọmọ yín. Ẹ̀rù yín bà mí, mo pa ẹnu dé. Bí mo bá purọ́, kí irin yìí pa mí."

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọjí wúkọ́, ó ní òun kò lè kọ ìyẹn sínú ìwé, kò sí àyè fún un. Ojú Bàbá Ògúnlékè ti pọ́n, ó ń wo rímù yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kí èèyàn tó gbà pé òun rí ohun tí òun rí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí ọrùn, ó fa okùn tí kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ jáde.

"Sọ̀ wọ́n kalẹ̀," ló wí fún mi.

Ọ̀gá dìde. Kò pariwo, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí Bàbá rò ó wò. Ó ní bí irin ìbúra bá ti kan ilẹ̀ báyìí, ó ti di irin lásán, òun yóò sì ní láti kó o fún Ògiri, ìlú kò sì ní rí òmíràn gbà. Èmi tí mo bá fi ṣiṣẹ́, wọ́n á gba ìwé awakọ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tó dun gbogbo wa jù. Ó ní ọkọ̀ kò ní dún. Ó ní Lọ́yà mọ ìwúwo ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, bí a bá sì fi irin sí i, á tì pa fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ó tọ́ka sí álọ́ì rẹ̀. Ó ní bí a bá fi èyí sí i, ọkọ̀ á dún lójú ẹsẹ̀.

Òótọ́ ni ó sọ, ohun tó ń bí mi nínú gan-an sì nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ á fi dún ni kò ní débẹ̀. Ẹsẹ̀ tó máa débẹ̀ ni ọkọ̀ kò ní torí rẹ̀ dún. Bí mo bá sì ṣì í yàn báyìí, kì í ṣe ìwé awakọ̀ mi nìkan ló máa bá a lọ, ẹ̀mí Móyọ̀sọ́rẹ àti ọmọ rẹ̀ ni. Mo lọ sábẹ́ igi, mo kúnlẹ̀ ti Móyọ̀sọ́rẹ, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Móyọ̀sọ́rẹ fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo wẹ òkú Ṣíjúadé," ló ní. "Ẹ fi irin sí i."

A sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bàbá Ògúnlékè ṣí ṣéènì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba rímù kìíní, ó wá jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún sẹ́yìn. A dúró de ìbínú rẹ̀. Adìyẹ kan kọjá, ó ṣa nǹkan jẹ nínú eruku, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá tí a ti ń ṣí fìlà fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé rọ́bà mẹ́rin wá láti ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ní ikùn gan-an, tó ga ju ìbú ọwọ́ mi lọ láti ètè rímù dé ilẹ̀. Mo há wọn sára rímù, mo fi pọ́ǹpù ẹsẹ̀ fún wọn ní afẹ́fẹ́, n kò fún wọn yó. Ẹsẹ̀ tó bá yó kì í di àpáta mú, ńṣe ni ó ń ta lórí rẹ̀. Èyí tí ebi ń pa díẹ̀ á tẹ́ lórí òkúta, á rọ́nà dì í mú. Sípánà ọ̀rá tí wọ́n fún wa rọ́pò irin ń yí lọ́wọ́ mi, mo ń ṣépè fún ẹni tó ṣe é. Bàbá Ògúnlékè mú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan nu lára agbádá rẹ̀ kí ó tó gbé e fún mi. Bóòtù mẹ́fà bọ́ sínú ihò mẹ́fà bí ẹni pé àná ni a bọ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọjí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

A gbé Móyọ̀sọ́rẹ sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bàbá Ògúnlékè wọ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìdí. Mo jókòó, mo fọwọ́ kan Lọ́yà, dígí rẹ̀ tàn. Ó kọ èyí tí Etíkun ti fi sínú rẹ̀ pé: ìwọ̀n méjìlélógún, álọ́ì, ṣé ẹ yàn án?

Mo ti wakọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò fọwọ́ kan apá òsì dígí yẹn rí, n kò sì mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án rí. Mo tẹ Rárá.

Ó bi mí pé ìwọ̀n wo ni. Mo tẹ mẹ́rìndínlógún. Ó ní kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo tẹ irin. Dígí náà pọ́n. Ó kọ ọ́ pé: èyí kò sí lára àwọn tí a fọwọ́ sí, ta ló yàn án? Mo fi àtàǹpàkò mi lé e, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an.

Ó ní: a ti gbọ́. Ọkọ̀ bá dún.

Ó dún ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń dún lójoojúmọ́. Kò tì pa. Kò bú mi. Lọ́yà kò bìkítà irú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti rí àtàǹpàkò ẹnìkan tí ẹ̀bi máa bá lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó dán an wò. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni a gbà, a sì fi kọ́ àwọn tó tẹ̀lé wa. Mo yọjú wo ọ̀gá láti ojú fèrèsé.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" mo ní. N kò pè é ní ẹ mọ́.

Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun kò mọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà ní Etíkun. Mo gbà pé kò mọ̀. Kò mú kí ìbínú mi dín kù rárá, ó tún bù kún un ni, nítorí bí òun náà kò bá mọ̀, ta wá ni mo fẹ́ gbá lẹ́tìí?

Bàbá Ògúnlékè kọjú síwájú. "Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ yẹn náà," ló ní, "ì bá ti dún."

Mo wa ọkọ̀ jáde.

Ọ̀nà náà rí bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀, dúdú, ó gbóná, ó ń yọ̀. Mo jẹ́ kí rọ́bà máa wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ibi tí álọ́ì ti máa ń gbá wa nídìí títí eyín á fi ro wá, ńṣe ni ikùn rọ́bà ń gbé òkúta mì, tó ń pọ̀ ọ́ padà. Móyọ̀sọ́rẹ ń mí sókè sódò lẹ́yìn wa, ìyá rẹ̀ ń ka èémí fún un. Omijé ń dà lójú mi, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, ti ìbínú ni, mo sì ń fi apá aṣọ nù ún kí n lè rí ọ̀nà.

Nígbà tí a dé Odò Àgùtàn, omi kò pọ̀, ó mọ ní kókósẹ̀. Òkúta náà wà láàárín rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú, ìlà funfun tí rímù álọ́ì fà sí i lára kò tíì parẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó yí i po, yanrìn jíjìn ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Mo rọra gùn ún. Ẹsẹ̀ iwájú ọwọ́ òsì yọ̀, ó jábọ́ sórí ẹnu rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ mì. Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sá jáde. Ìyá Móyọ̀sọ́rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo bọ́ sílẹ̀ sínú omi. Ètè rímù ti tẹ̀ wọlé tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ó tẹ̀ bí mo ṣe sọ pé irin máa ń tẹ̀. Ìlú wa kò ní òòlù mọ́, nítorí náà mo ń wá òkúta tí mo lè dì mú. Nígbà tí mo gbórí sókè, Bàbá Ògúnlékè ti bọ́ sílẹ̀, etí agbádá rẹ̀ rin gbindin, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí lu rímù náà.

Ó lù ú dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tó mọ iṣẹ́, láti inú síta. Irin ń nà padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó nà tán, kò dúró. Ó ń lù ú lọ. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè, mo ní láti súnmọ́ ọn kí n tó gbọ́. Ó ní epo tí òun ta sí i fún ọdún mọ́kànlá, kí ó kó epo òun jáde. Ó ní òun ni òun fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, tí òun ń sùn tì í, tí òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní ọmọ òun ì bá gun orí rẹ̀ dé Kíṣí.

"Bàbá, ó ti tó," mo ní. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ kí n fún un ní afẹ́fẹ́."

Ó sọ òkúta sódò. Mo fi pọ́ǹpù fún rọ́bà ní afẹ́fẹ́ títí ikùn rẹ̀ fi gbé ọkọ̀ sókè, a sì jáde kúrò nínú odò náà. Láti ibẹ̀ dé Kíṣí, kò sí ohun kan tó fọ́.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ kúrò ní àtàrí nígbà tí a wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé Móyọ̀sọ́rẹ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Èmi àti Bàbá Ògúnlékè jókòó sórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi odò kò tíì gbẹ lára aṣọ wa. Lọ́yà ti kọ ọ́ sójú dígí rẹ̀ kí a tó bọ́ sílẹ̀ pé láàárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò wá kó rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n sì mú ìwé awakọ̀ mi dání. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n á bá òun lórí wọn. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò tíì fi ọwọ́ kàn mí láti ọjọ́ tí Ṣíjúadé kú.

A gbọ́ igbe ọmọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan jáde, ọmọbìnrin tó ní ojú àánú, ó gbé ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Ó ní ọkùnrin ni, ó ní ìyá àti ọmọ wà láàyè. Ó jókòó tì wá kí ó lè kọ orúkọ sílẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó wá ìlú wa, ó fi ìka tọ ìlà kan.

"Ìdí-Ṣápá," ló ní. "Áà, orúkọ yín ti wà níbí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ní ká máa retí yín. Ṣíjúadé, àbí?"

Bàbá Ògúnlékè wo ìlà náà pẹ́.

"Rárá o, ọmọ mi," ló ní. "Móyọ̀sọ́rẹ ni a gbé wá. Ṣíjúadé ni ẹni tí a kò gbé wá."